Kọ̀ǹpútà tí mo tẹ́ sínú pẹpẹ ìwé mi ń kú lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbà mí o!

Agefidio_Ib | Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fídíò òde àríyá ni mo ń gé jẹun, Ìbàdàn ni mo wà, pálọ̀ mi ò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àpótí irin kọ̀ǹpútà mi (èyí tí gbogbo wa fi agídí ń pè ní CPU) ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé mọ bọ́tìnì rẹ̀ ju bó ṣe mọ orúkọ mi lọ. Lóṣù tó kọjá, fídíò ìgbéyàwó kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kó jáde tán, ló bá lọ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé kọ̀ǹpútà yìí máa gòkè.

Pẹpẹ ìwé kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pálọ̀. Mo ní kí káfíńtà sọ yàrá kan nínú rẹ̀ di ilé kọ̀ǹpútà: fífẹ̀ 60 cm, gíga 35 cm, jíjìn 30 cm, ilẹ̀kùn pákó níwájú. Bọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, micro-ATX ni; CPU gidi, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, jẹ́ Ryzen 5 5600G; RAM 32 GB, SSD kan àti hard disk 4 TB kan tí mo ń kó fáìlì sí. Mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí pákó. Ó rẹwà débi pé àlejò ń béèrè pé kí ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Tó bá ti di nǹkan bí aago kan ọ̀sán tí fídíò ń jáde, á kàn kú pii. Kò kọ nǹkan kan sójú, kò kìlọ̀. Mo ti pààrọ̀ RAM, mo ti fi Windows tuntun sí i, ìyàwó mi sì ti ń wò mí lójú kan báyìí.

Ewatomi04 | Ajé, 8:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn ló borí o. Ó lé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀ pátápátá 😂

IyaIbeji_IT | Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun mọ́ ná, owó ni ẹ ń sọ nù. Tó bá kú, ṣé ó ń tàn padà lójú ẹsẹ̀, àbí ó máa ń ṣagídí? Ibo ni fáànù power supply (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà) kọjú sí? Kí ló wà lẹ́yìn pẹpẹ yẹn gan-an? Kí ẹ sì gbé HWiNFO, ètò tó ń ka ooru inú kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀, kí ẹ sọ iye ooru tí CPU ń kà nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, àti iye tó ń kà nígbà tí fídíò ń jáde.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé CPU nìkan kì í sábà pa ẹ̀rọ báyẹn. 5600G tó bá ti kan 95°C, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù, iṣẹ́ á kàn máa falẹ̀. Èyí tó bá kú pii láìdágbére, power supply ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ojoojúmọ́ là ń rí i.

Agefidio_Ib | Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, mà. Agídí ni o! Bó bá ti kú, mo lè tẹ bọ́tìnì títí ìka á fi bó, kò ní dáhùn. Ó di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbà.

Fáànù power supply kọjú sókè. Lókè rẹ̀, mo fi pákó pẹlẹbẹ kan bò ó kí hard disk lè rí ibi jókòó. Àyè tó wà láàárín wọn tó ìka kan.

Ní ti ẹ̀yìn, mo ní kí káfíńtà gé ihò ńlá méjì síbẹ̀, ó sì ní òun ti gé e.

HWiNFO: 61°C láìṣe nǹkan kan. Tí fídíò bá ń jáde, 95 ló dúró sí, kò kúrò níbẹ̀. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn pákó sílẹ̀ gbayawu, mo tún un ṣe, ó ka 92. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ilẹ̀kùn ti ṣí, kí ló tún kù?

IyaIbeji_IT | Ìṣẹ́gun, 2:41 ọ̀sán

Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín fúnra yín. Power supply tó gbóná jù máa ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná, kò sì ní jí títí yóò fi tutù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín nìyẹn. Ẹ fi pákó bò ó nímú, ẹ tún gbé hard disk tó ń gbóná lé e lórí. Ẹ gbé pákó yẹn kúrò lónìí.

Ní ti CPU, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yọjú wo ẹ̀yìn. Ẹ má gba "òun ti gé e" gbọ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ ihò náà, kí ẹ sọ fún mi ohun tí ọwọ́ yín bá kàn.

Baba_Kafinta | Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ rọra fi ẹnu ba àwọn káfíńtà o. Iṣẹ́ tí a bá rán wa la ń jẹ́.

Ìwọ ọmọ yìí, pákó wo lo lò? Bó bá jẹ́ arère ni, fúyẹ́fúyẹ́ ni, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àádùn. Bó bá jẹ́ MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, má jẹ́ kí omi kàn án, á wú bí búrẹ́dì. Ìrókò ni ọba wọn, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Àmọ́ òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míì, òkúta gidi, ó sì máa ń pa eyín ayùn. Èmi fúnra mi, plywood líle tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan ni màá fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ṣúrúù máa ń dúró nínú rẹ̀.

Agefidio_Ib | Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ẹ jókòó, kí ẹ tó ka èyí.

Mo ki ọwọ́ bọ ihò. Lóòótọ́, ó gé e. Ihò méjì, ó rí rọ́bọ́tọ́, ó fi sáńpépà ra etí wọn débi pé wọ́n ń dán. Ohun tí ọwọ́ mi wá kàn lẹ́yìn ihò ni hardboard! Ó fi ìṣó kan hardboard bo gbogbo ẹ̀yìn pẹpẹ láti òkè délẹ̀, ó sì kun ún ní àwọ̀ ògiri. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò yẹn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ lójú ni."

Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Plywood ló lò ṣá, ìyẹn ò burú.

Baba_Kafinta | Ìṣẹ́gun, 7:55 alẹ́

Hẹn. Ẹni yẹn ò gba iṣẹ́ jẹ́.

IyaIbeji_IT | Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ìbejì fi jí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé gbogbo èèyàn tó máa ka èyí lẹ́yìnwá. Fáànù kì í mú nǹkan tutù. Ṣe ló ń gbé afẹ́fẹ́ láti ibì kan lọ síbòmíràn. Tí kò bá sí ibòmíràn, ooru kan náà ni yóò máa fẹ́ káàkiri, bí ẹni ń fi omi ìdọ̀tí fọ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣí ilẹ̀kùn ò fi ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti èyí tó fẹ́ jáde ń fèjìká gbá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Kódà bí ẹ bá yọ hardboard yẹn, pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ògiri náà ni ihò ẹ̀yìn máa kọjú sí. Ẹ gbàgbé ẹ̀yìn. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan pẹpẹ náà wà níta gbangba nínú pálọ̀? Tó bá wà níta, ẹ gé ihò méjì fún fáànù 120 mm sí òkè ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí wọ́n máa fẹ́ ooru jáde. Òkè ni o, ooru kì í dúró nísàlẹ̀. Kí ẹ sì gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kúrò ní 4 cm káàkiri fífẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ihò fáànù kan tó bí 113 cm², méjì jẹ́ 226. Àlàfo 60 cm lọ́nà 4 cm jẹ́ 240. Ẹnu tó ń jẹun àti ibi tó ń yà á dọ́gba nìyẹn, ẹ dárí jì mí.

Bọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ẹ tẹ́ ẹ lé pákó lásán ni?

OmoLeeds | Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Leeds ni èmi wà, mo ṣe irú rẹ̀ nínú Kallax, pẹpẹ IKEA yẹn. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 33 cm lọ́nà 33, jíjìn rẹ̀ 39, bọ́ọ̀dù mini-ITX tó jẹ́ 17 cm lọ́nà 17 sì wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ pé pákó ìta Kallax ò kún nínú. Páálí bí afárá oyin ló wà níbẹ̀. Mo lu ihò fún ṣúrúù, ṣúrúù náà kàn ń yí ní òfo bí ẹni ń jó. Ni mo bá gé plywood kékeré, mo de bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, mo wá gbé plywood náà sínú pẹpẹ.

Heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára CPU) pẹlẹbẹ ni mo lò, Noctua NH-L9a, gíga rẹ̀ 37 mm péré. Nígbà òtútù, ológbò wa ò kúrò lórí pẹpẹ yẹn.

Agefidio_Ib | Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

@IyaIbeji_IT Ẹ̀gbẹ́ òsì wà níta, mà. Bọ́ọ̀dù jókòó lórí fóòmù tó bá a wá látinú páálí. Ṣé ó burú ni?

IyaIbeji_IT | Ìṣẹ́gun, 10:22 alẹ́

Ó burú o! Fóòmù ń dá ooru dúró sábẹ́ bọ́ọ̀dù, òmíràn nínú wọn sì ń gbé iná díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń ké "ayọ́nù kondẹ́mù" ládùúgbò yín. Ẹ ra àpótí kọ̀ǹpútà tó ti kú lọ́wọ́ wọn, kí wẹ́dà fi ẹ̀rọ gé irin inú rẹ̀ tí bọ́ọ̀dù máa ń so mọ́, tòun ti ibi tí wọ́n ń fi ṣúrúù de káàdì. Àwọn ọmọ idẹ kéékèèké tó ń gbé bọ́ọ̀dù sókè ti wà lára rẹ̀, ihò wọn sì bára mu. Ẹ de irin yẹn mọ́ pákó, kí ẹ de bọ́ọ̀dù mọ́ irin. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra káàdì fídíò, ibi tí yóò dúró ti wà nílẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ, káàdì á dúró ṣánṣán, kò ní máa tẹ̀ bí èyí tó wà nínú àpótí tó dúró lóòró.

Ina_Egba | Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti iná, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ń gbójú fò ó. Pákó ò gbé iná, kò burú. Bọ́ọ̀dù ń rí earth (ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà ń gbà wọ ilẹ̀) gbà láti inú àwọn wáyà dúdú power supply, nítorí náà á ṣiṣẹ́ láìsí àpótí irin. Àmọ́ power supply fúnra rẹ̀, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ló ti ń retí earth. Ilé mélòó ló ní earth tòótọ́? Ihò kẹta wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bí earth ò bá sí, ara irin power supply á máa gbé bí ìdajì 230 V. Agbára rẹ̀ kéré, kò ní gbé èèyàn ṣubú, ṣùgbọ́n á máa ta yín ṣín-ín-ṣín bí ẹ bá fọwọ́ kan irin USB tàbí HDMI, pàápàá bí ẹ bá wà láìwọ bàtà. Nínú àpótí, èèyàn kì í tètè mọ̀ nítorí ọ̀dà. Lórí pẹpẹ, gbogbo irin ló wà ní ìhòòhò. Kí ẹ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀ níta, kó fa wáyà rẹ̀ wọlé.

Àti pé ẹ má ṣe já wáyà inú power supply láti fi mú un gùn. Okùn tó ń mú un gùn wà lọ́jà.

Ewatomi04 | Ọjọ́rú, 9:12 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárò mi. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù họ́sítẹ̀lì nÍlọrin lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní bọ́tìnì power, mo bá so súìṣì iná yàrá mọ́ àwọn pín-ìnnì méjì orí bọ́ọ̀dù. Mo tẹ súìṣì, ó tàn. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gbàdúrà lé e lórí.

IyaIbeji_IT | Ọjọ́rú, 9:30 àárọ̀

Àdúrà ò lè gbọ́ ìyẹn. Súìṣì iná yàrá máa ń dúró síbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, bọ́ọ̀dù sì kà á pé ẹnìkan di bọ́tìnì mú. Bí wọ́n bá di í mú tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ kú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bọ́tìnì aago ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ rà, èyí tí í fò padà bí ẹ bá ti yọ ìka. Iná ibẹ̀ ò tó nǹkan, wáyà tẹlifóònù lásán tó o. Kò sí ohun tí iná NEPA ń wá níbẹ̀ o, ẹ má fi kàn án.

Arinnakore | Ọjọ́rú, 1:00 ọ̀sán

Mo kàn fẹ́ sọ pé nǹkan yìí ò jẹ́ tuntun. Nígbà tí Apple-1, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ti ilé-iṣẹ́ Apple, jáde lọ́dún 1976, tí wọ́n ń tà á ní dọ́là 666.66, bọ́ọ̀dù nìkan ni. Ẹni tó rà á ló máa lọ wá àpótí, keyboard àti ibi tí iná ti máa wọ̀ ọ́. Pákó ni àwọn kan gbẹ́ fún un, ọ̀kan nínú àwọn onípákó yẹn wà ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington. Nítorí náà, Agefidio, káfíńtà rẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àyàfi ti hardboard yẹn.

Agefidio_Ib | Àbámẹ́ta, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Mo dé o. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣe é, káfíńtà náà fúnra rẹ̀ ló padà wá, kò sì gba owó.

Irin inú àpótí kondẹ́mù ti wà lórí pákó. Pákó náà wà lórí ráńnà dúróọ̀, tí mo bá fà á, gbogbo kọ̀ǹpútà á jáde wá bá mi bí àwo oúnjẹ. (Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀: mo kọ́kọ́ fà á láìrántí okùn HDMI. Ó dákẹ́ ná. Ẹ fi okùn sílẹ̀ kó gùn, kí ẹ ká a.) Fáànù 120 mm méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lókè. A gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní 4 cm. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo fi dí i, nítorí ọyẹ́ ń bọ̀, àti nítorí ọmọńlé. Nígbà tí mo gbé bọ́ọ̀dù kúrò lórí fóòmù, ọmọńlé méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ti gbẹ. Èkejì wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ gbèsè. Hard disk ti kúrò lórí power supply, mo gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kùn-ùn tó máa ń kùn lóru ti lọ.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé: 41°C láìṣe nǹkan kan. Mo gbé fídíò òkú wákàtí mẹ́ta jáde ní aago kan ọ̀sán lánàá, ilẹ̀kùn pípadé. 74 ni ibi gíga jù tó dé. Kò kú.

Nǹkan méjì ló kù. Bí wọ́n bá mú iná tí inverter sì gbà á, kọ̀ǹpútà ń kú nígbà míì. Èkejì, rédíò àtijọ́ bàbá mi, èyí tó ń gba SW, ti ń hó fììì látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti bọ́ sínú pákó. Bàbá ní àfi kí n yan èwo ni mo fẹ́ nínú òun àti "àpótí aláriwo yìí".

Ina_Egba | Àbámẹ́ta, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ti inverter rọrùn. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí inú ètò rẹ̀, wàá rí ibi tí wọ́n kọ UPS sí, ìyẹn ipò tí inverter ti ń tètè gba iná fún kọ̀ǹpútà. Gbé e síbẹ̀. Bí iná bá lọ, power supply lè di ara rẹ̀ mú fún bí ìdá 16 sí 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan péré nígbà tí ẹrù bá kún un. Inverter tó wà níbi ti ilé lásán máa ń pẹ́ jùyẹn lọ kó tó gbà á.

Ti Bàbá: àpótí irin ló ń dí ariwo bọ́ọ̀dù mọ́lé tẹ́lẹ̀, pákó ò lè dí i. Gé páànù alumíníọ̀mù tó ṣẹ́kù níbi òrùlé, fi tẹ́ inú yàrá náà, òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́. Fi wáyà so páànù kọ̀ọ̀kan mọ́ra wọn àti mọ́ ara power supply. Kò gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀dù rárá. Kí ẹ sì yọ eriali Wi-Fi síta kí ẹ tó ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Baba_Kafinta | Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Fi ṣúrúù kéékèèké de páànù náà, má fi gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù á tú bí ooru bá débẹ̀, páànù á sì já lé bọ́ọ̀dù lórí. Bá mi kí bàbá ẹ.

Agefidio_Ib | Àìkú, 7:15 alẹ́

Páànù ti wọlé, eriali ti jáde. Hó-hò rédíò ò lọ tán, àmọ́ Bàbá ní òun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Inverter ti wà lórí UPS, wọ́n mú iná lẹ́ẹ̀mejì lónìí, kọ̀ǹpútà ò kú.

@Ewatomi04, bọ́tìnì aago ẹnu ọ̀nà ni mo lò. Mo kàn án mọ́ òkè pẹpẹ níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó. Ó tẹ̀ ẹ́ rí nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e dání. Láti àárọ̀ ló ti ń ti àga oníke kan bọ̀ láti ilé ìdáná, ó ti dé àárín pálọ̀ báyìí.